Sídíì Kì Í Ṣe Wàláà

Ọ̀rọ̀ sídíì tí a kó èsì ìdánwò ilé-kéwú wa sí ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí, nítorí irú rẹ̀ wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ nínú yín.

Láti 2004 títí dé 2008, àwọn oníkọ̀ǹpútà kan ládùúgbò ni wọ́n ń bá wa tẹ èsì Idaadi àti Thanawi. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi tuntun kún orí sídíì kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, òjò wọ yàrá ìwé wa, ó ba ìwé ńlá tí a fi ọwọ́ kọ jẹ́. A ní kò burú, sídíì ṣì wà. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ wa kan, tó parí Thanawi ní 2005, tó sì ti di ìyá ọmọ méjì, wá gba ẹ̀rí máàkì rẹ̀ kó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. A ki sídíì bọ kọ̀ǹpútà, èsì 2008 nìkan la rí. Àwọn tó kọ ọ́ ní ìyókù ti parẹ́. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ustaadh, ṣé n máa tún ìdánwò náà ṣe ni?”

Èmi kò gbà pé ó parẹ́. Sídíì wa, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CD-R, kì í ṣe wàláà tí a ń fi omi fọ̀ kí a tó kọ ẹ̀kọ́ mìíràn sí i. Ìmọ́lẹ̀ líle ni ẹ̀rọ fi ń jó ojú rẹ̀. Ibi tó bá ti jó, ó ti jó nìyẹn. Mo gbé e sí oòrùn, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo sì ka òrùka márùn-ún lára rẹ̀. Ọdún márùn-ún náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń ka tírà Lárúbáwá mọ fihris dáadáa. Nígbàkígbà tí a bá kọ nǹkan sí sídíì, ìpín tuntun náà ní fihris tirẹ̀, kọ̀ǹpútà a sì máa lọ wo ti ìkẹyìn. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá da fihris àtijọ́ mọ́ tuntun, gbogbo rẹ̀ yóò hàn. Bí kò bá dà á pọ̀, ti ìkẹyìn nìkan ni ojú yóò rí, àwọn yòókù á wà níbẹ̀ bí ilé tí kò ní ojúlé. (N kò bá àwọn oníkọ̀ǹpútà náà jà. Owó tí a ń san fún wọn kò tó owó ẹ̀kọ́.)

Olùkọ́ ìṣirò wa ń lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991. Òun ló jókòó tì mí. Ẹ̀dà sídíì la kọ́kọ́ ṣe, nítorí ó ti gbó:

sudo ddrescue -b 2048 /dev/sr0 sidii.iso sidii.map

Ó ń sọ pé òun kò rí àwọn ibì kan kà. Àlà tó wà láàárín ìpín kan àti èkejì ni púpọ̀ nínú wọn. Àlà àkọ́kọ́ nìkan gba 11,400 àyè, àyè kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 2,048 báìtì. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Lẹ́yìn náà la bèèrè ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀:

wodim dev=/dev/sr0 -toc

Ìkíní bẹ̀rẹ̀ ní 0, èkejì ní 12,180. Èkejì ni ti 2005, a sì ṣí i láti inú ẹ̀dà:

sudo mount -o loop,ro,sbsector=12180 sidii.iso /mnt

Gbogbo rẹ̀ jáde. Orúkọ rẹ̀ wà ní ìlà keje, pẹ̀lú máàkì Nahwu àti Fiqhu rẹ̀. Ọjọ́ kejì la tẹ̀ ẹ́, Mudiiru sì fọwọ́ sí i.

Bákan náà la ṣí 2004 àti 2007. Ní 2006, Thanawi ṣeé kà, ṣùgbọ́n àwọ̀ fàdákà ti bó níbi tí fáìlì Idaadi wà, ddrescue kò sì rí i mú. Ẹni tó bá ṣe Idaadi lọ́dọ̀ wa lọ́dún náà, tí ìwé èsì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́, kó jọ̀wọ́ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún wa ní ọ́fíìsì.