Bẹ́ẹ̀dì Dúdú Nínú Yàrá Onígbàgbọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin tọkọtaya, mo sì ti rí ẹni tí ó dáná sun ohun tí ó fi owó oṣù mélòó kan rà nítorí rẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ ó yẹ kí onígbàgbọ́ gbé bẹ́ẹ̀dì dúdú, wọ́dúróòbù dúdú àti tábìlì dígí dúdú sí yàrá tí òun àti aya rẹ̀ ń sùn? Àwọn arábìnrin tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó a máa bi mí, nítorí wọ́n mọ̀ pé irú rẹ̀ wà ní yàrá wa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún 1996 ni ọkọ mi rà á ní Ìbàdàn, lọ́wọ́ ìdílé kan tí ó kó ẹrù wálé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1985 sí 1995 yóò rántí pé àga dúdú lòde níbẹ̀ nígbà náà. Black ash ni orúkọ tí àwọn tí ń tà á fún un, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n wà lọ́hùn-ún sì ń rà á sílé. Kì í ṣe igi tí ó dúdú láti inú igbó wá. Èérún pákó ni wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ títí ó fi di pátákó, kí wọ́n tó fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ya ìlà igi sí lára bò ó lójú. Síbẹ̀ ó wu ojú rí. Bẹ́ẹ̀dì náà ní pátákó gíga ní ìhà orí, ara rẹ̀ sì ń dán.

Ọjọ́ tí a ń gbé e wọlé ni arákùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ àdúrà yọ sí wa. Ó dúró, ó mi orí, ó ní àwọ̀ ìjọba òkùnkùn ni, pé ẹni tí ó bá sùn lórí rẹ̀ yóò máa lá àlá burúkú, kí a tètè wá kẹrosíìnì àti ìṣáná.

N kò fi arákùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìtara ló mú un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi Ìwé Mímọ́ léèrè. Nínú Ìsíkíẹ́lì orí 27, ẹsẹ 15, igi ẹ́bónì, tí í ṣe igi dúdú, wà pẹ̀lú eyín erin nínú ọjà iyebíye tí wọ́n ń kó wá sí Tírè. Nígbà tí ìyàwó inú Orin Sólómọ́nì ń yin olùfẹ́ rẹ̀ ní orí 5, ẹyẹ ìwò ni ó fi irun orí rẹ̀ wé, nítorí bí ó ti dúdú tó. Aṣọ irun ewúrẹ́ 11 ni Ọlọ́run ní kí Mósè fi ṣe ìbòrí lórí àgọ́ ìpàdé, ewúrẹ́ àwọn ará aginjù ibẹ̀ sì sábà máa ń dúdú. Ohun tí a rí pé wọ́n dáná sun nínú Bíbélì ni ère òrìṣà, àti ìwé àwọn tí ń pidán ní Éfésù, bí ó ti wà nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 19. Kò sí ẹni tí ó bọ òrìṣà kankan lórí bẹ́ẹ̀dì tiwa, ilé ìtajà ló ti wá. Bíbélì tí arákùnrin yẹn há sí abíyá pàápàá, awọ dúdú ni wọ́n fi bò ó, kóòtù dúdú ló sì wọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Mo sọ èyí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jókòó.

Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni, n kì bá tí gbé gègé. Ti ìyá ọkọ mi ló wúwo.

Màmá wá bá wa ní ọdún 1997 láti wẹ ọmọ wa àkọ́kọ́. Obìnrin àdúrà ni, ó ti wà nínú ìgbàgbọ́ ṣáájú àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò wọ yàrá wa. Bí ọmọ bá sunkún, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò na ọwọ́ méjèèjì, yóò ní, “Ìyàwó mi, gbé e wá fún mi níbí.” Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ náà ni lóru. Ọkọ mi rò pé ọ̀rọ̀ arákùnrin ọjọ́sí ló dé etí rẹ̀, inú sì ń bí i. Ó ní òun kò ní ta bẹ́ẹ̀dì nítorí àlá tí ẹnikẹ́ni kò lá. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ìkíni nìkan ló kù láàrin ìyá àti ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí, ẹ mọ bí ó ti ń rí kí ilé máa gbóná báyìí nígbà tí ọmú ń ro ènìyàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí NẸ́PÀ mú iná lọ, èmi àti Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìjẹ́ pé mo bi í. “Ìyàwó mi, kì í ṣe èṣù ni mò ń bẹ̀rù. Jésù ti gbà mí lọ́wọ́ èṣù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yọ sí ẹnu ọ̀nà yẹn, yàrá opó ni mò ń rí.”

Bàbá ọkọ mi kú ní ọdún 1970. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi sé Màmá mọ́ inú yàrá kan, aṣọ dúdú lọ́rùn, aṣọ dúdú lójú fèrèsé, ẹní nílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un jáde, ó tún ń wọ dúdú títí ọdún fi yí po. Ọkọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, wọn kò sì jẹ́ kí ó wọlé tọ ìyá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró tí yóò máa pè é, tí Màmá yóò máa dá a lóhùn láti inú òkùnkùn. Ọkọ mi kò rántí ohunkóhun nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un ní òru ọjọ́ náà, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní òwúrọ̀ ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó ní òun yóò tà á. Màmá kọ̀. Ó ní, “Owó yín ni ẹ fi rà á, ẹ má tà á ní ọ̀pọ̀ nítorí mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú yàrá yẹn dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ dà níbẹ̀?”

Òótọ́ ló sọ. Àwọ̀ dúdú a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì ni, kì í dá a padà bíi funfun. Gílóòbù tí ó tó fún yàrá tí ẹrù rẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í tó fún yàrá tí ẹrù rẹ̀ dúdú. Ọkọ mi ra ọ̀dà tí ó funfun bíi wàrà, ó kun ògiri àti àjà yàrá. A sún wọ́dúróòbù kúrò nítòsí fèrèsé, a gbé tábìlì dígí sí ọ̀kánkán ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń wọlé, kí dígí náà lè máa ta ìmọ́lẹ̀ sí ìhà kejì. A yọ kọ́tìnnì tí ó ki, a ta èyí tí ó fẹ́lẹ́. Màmá fúnra rẹ̀ ní kí a ra bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun, ó sì fi àdìrẹ láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta rán aṣọ ìrọ̀rí mẹ́rin fún wa. Ẹni tí ó mọ aró mọ̀ pé bí a bá ti rì í léraléra ló ń ṣú sí i, kí àwọn àgbà tó pè é ní dúdú. Dúdú yẹn pẹ̀lú ojú funfun ara rẹ̀ bá bẹ́ẹ̀dì náà mu ju lẹ́ẹ̀sì olówó ńlá lọ.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, mo wà ní balùwẹ̀ nígbà tí ọmọ ké. Kí n tó nu ara tán, ó ti dákẹ́. Màmá ló jókòó sí orí bẹ́ẹ̀dì, tí ó fà á mọ́ra, tí ó ń kọ orin. N kò sọ nǹkan kan, òun náà kò sọ.

Nítorí náà, bí ẹnìkan nínú yín bá fẹ́ ra dúdú, kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tí wọ́n jọ máa sùn níbẹ̀, àti àgbà tí yóò máa wọlé níbẹ̀, ohun tí àwọ̀ náà ń rán wọn létí. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju àlá àsọtẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó yí ẹrù náà dojú dé, kí ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí èérún pákó bá hàn, kí ó mọ̀ pé omi ni ọ̀tá rẹ̀. Káfíńtà tiwa lè fi ọ̀mọ̀ tàbí ọgànwó kan bẹ́ẹ̀dì, kí ó fi àwọ̀ dúdú pa á, kí ó sì fi pọ́líìṣì dán an, yóò sì pẹ́ jù ú lọ. Igi dúdú gidi wọ́n, ó sì wúwo débi pé ó ń rì sínú omi. Ní àkókò ọyẹ́, eruku kì í fara pamọ́ lára dúdú, a óò máa nù ún láràárọ̀ ni. Ẹ̀fọn náà fẹ́ràn ibi tí ó ṣú láti sinmi lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ má fi wọ́dúróòbù há mọ́ ògiri, kí ẹ lè máa gbá ẹ̀yìn rẹ̀, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà nílé.

Omi òjò wọ yàrá wa ní ọdún 2004. Ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù wú bíi búrẹ́dì tí a rì sínú tíì, a sì gbé e sọnù. Bẹ́ẹ̀dì náà ṣì wà ní yàrá àlejò, káfíńtà ti fi ìrókò pààrọ̀ ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀.