Ẹnìkejì Mi Lórí Pápá

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni ó bi mí léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni a lè pe ìdíje tẹ́níìsì tí ọkùnrin méjì ti ń kojú ọkùnrin méjì ní èdè Yorùbá. Mo dá a lóhùn kíá pé "ìdíje ẹlẹ́ni-méjì-méjì ti àwọn ọkùnrin". Mo ṣàlàyé fún un pé "méjì" ń ka iye, "méjèèjì" ń kó gbogbo wọn pọ̀, ṣùgbọ́n "méjì-méjì" ni ó ń pín wọn sí ọ̀wọ́. Ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni n kò rí ibi kankan lọ, nítorí pé ìbéèrè náà gbé mi padà sí oṣù Keje ọdún 2018.

Kẹ́hìndé ni mí. Èmi àti Táyé mi kò jọra. Baba kan náà, ìyá kan náà, ṣùgbọ́n AS ni ó kàn mí, SS ni ó kan òun. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti bá a jà láti kékeré, nígbà tí a sì fi máa di géńdé, ó ti jẹ oríkèé ìbàdí rẹ̀ kan. Síbẹ̀, ọdọọdún ni a jọ ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ẹlẹ́ni-méjì-méjì ní ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì. Awọnlẹ̀ ni òun, kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí a mú ẹbí wá. Bí ẹni méjì bá ń gbá a, ẹsẹ̀ bàtà 27 ni ìbú pápá. Bí ó bá di ẹni mẹ́rin, yóò di 36. Èmi ni mo máa ń sáré gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn. Òun á dúró sídìí àwọ̀n, á máa ronú.

Wimbledon ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a fẹ́ràn jù láti máa wò. Ọdún 1884 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje ẹlẹ́ni-méjì-méjì níbẹ̀, ta ni ó sì gbà á? William àti Ernest Renshaw, ìbejì! Wọ́n tún gbà á ní 1885, 1886, 1888 àti 1889. Táyé mi a máa sọ pé ìbejì ni ó ni eré náà, pé àwọn yòókù kàn ń yá a lò ni.

Àwọn tí ó fi ń ṣe ẹ̀rí ni Bob àti Mike Bryan ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbejì tí wọ́n jọra bí imú ti í jọra. Ife ẹ̀yẹ ńláńlá 16 ni wọ́n jọ gbà, Wimbledon ti 2006, 2011 àti 2013 sì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Bob fi ń gbá a, ọwọ́ ọ̀tún ni ti Mike. Àwọn oníròyìn a máa kọ ọ́ pé Mike ni ẹ̀gbọ́n nítorí pé ó fi ìṣẹ́jú méjì ṣáájú. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè o: ta ni ó rán an níṣẹ́ pé kí ó lọ tọ́ ayé wò?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ní Madrid, oríkèé ìbàdí Bob bàjẹ́ lójú ìdíje. Ọdún kan náà yẹn ni Táyé mi kò lè dìde mọ́ láìsí igi lọ́wọ́. Mike, tí ó ti pé ọmọ ogójì ọdún, mú ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jack Sock, ó di Wimbledon. Ní tèmi, ẹlẹgbẹ́ mi kan láti ẹ̀ka físíìsì ní kí àwa méjèèjì forúkọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, n kò dá a lóhùn.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ni wọ́n gbá àṣekágbá. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni Táyé wà, ó ń retí iṣẹ́ abẹ. Fóònù mi ni a fi ń wò ó. Nígbà náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú márùn-ún ni ó ń borí (láti 2023 ni wọ́n ti sọ ọ́ di méjì nínú mẹ́ta). Raven Klaasen ti South Africa àti Michael Venus ti New Zealand ni wọ́n ń kojú. 6–3, 6–7, 6–3, 5–7. Dátà mi tán ní sẹ́ẹ̀tì kẹrin, mo sáré lọ ra òmíràn.

Kí n má purọ́ fún yín, mo ń fẹ́ kí Mike fìdí rẹmi. N kò mọ Klaasen rí, n kò mọ Venus, ṣùgbọ́n gbogbo ara ni mo fi ń bá wọn gbá a. Nígbà tí Mike àti Sock gba sẹ́ẹ̀tì karùn-ún ní 7–5, mo pòṣé. Táyé yíjú sí mi.

"Kẹ́hìndé, ìwọ tí o ní o dàgbà jù mí lọ, ó ti ṣe tí o fi ń bínú sí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Lọ dá ọkùnrin yẹn lóhùn."

N kò sọ fún un rí pé ọkùnrin kankan ń retí èsì.

A lọ gbá a. Wọ́n lù wá bí ẹní lu bàrà. Bọ́ọ̀lù á gba àárín wa kọjá, èmi á dúró, òun náà á dúró. N kò tíì mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé èmi àti Táyé kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí pápá. A wá ní kí a máa pariwo: ẹni tí yóò gbá a á ní "tèmi", bí kò bá lè dé ibẹ̀, á ní "tìrẹ". Ó tún burú sí i! Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ pè é wò: ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín ni "tèmi", ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín ni "tìrẹ". Bí afẹ́fẹ́ bá gbé fáwẹ́lì lọ, ohùn nìkan ni ó ń dé etí ẹni, ohùn méjèèjì sì dọ́gba. "Èmi" àti "ìwọ" kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo ti ń kọ́ni ní ohùn láti ọjọ́ yìí! Nígbẹ̀yìn a fẹnu kò sí "mo dé", tí ohùn rẹ̀ ń gòkè, àti "gbá a", tí ti rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà náà, a kò ṣi ara wa gbọ́ mọ́.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ náà, "ẹnìkejì". Bí mo bá pe ẹnìkan ní ẹnìkejì mi, èmi náà ni ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí ẹnìkíní láàrin wa. Ohun tí n kò rí nínú ìwé gírámà kankan ni iye ẹnìkejì tí ẹyọ ènìyàn kan lè ní.

Wọ́n fi irin sí ìbàdí Bob ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ó padà sórí pápá ní oṣù Kìíní ọdún 2019, àwọn méjèèjì sì fẹ̀yìn tì ní 2020. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ti Táyé mi náà kí ọdún tó parí. Ó ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ sáré. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ó ń wá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gba àárín èmi àti onífísíìsì mi báyìí, òun ni yóò kọ́kọ́ pariwo láti orí àga rẹ̀ pé, "Mo dé!"