Èwo Ló Ga Jù Nínú Òkè Méjì?

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi fún mi nídìí iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni pé kí n má gba ojú mi gbọ́. Àpáta ńlá méjì ló wà lẹ́yìn ìlú tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkìtì. Ẹni tó bá dúró lọ́jà á búra pé èyí tó wà nítòsí ló ga jù. Ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ á ní irọ́ ni.

“Gun ọ̀kan, kí o wá wo èkejì láti orí rẹ̀,” ni ọ̀gá wí.

A gbé theodolite, ẹ̀rọ tí àwọn awọnlẹ̀ ń lò, gun òkè. Ibi tó ga jù lórí àpáta náà la kọ́kọ́ wá, iṣẹ́ ńlá sì ni, torí pé orí rẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ. A kì í ka koríko mọ́ ìwọ̀n, a kì í sì í ka òkúta tí àwọn èèyàn kó jọ. Lẹ́yìn náà ni a na ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ̀rọ ń jókòó lé. Ìdè mẹ́ta ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ: màá yí méjì pọ̀, ọ̀kan sọ́tùn-ún, èkejì sósì, kí n tó kan ẹ̀kẹta, títí ìhó inú omi lẹ́fẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, á fi dúró gbọnin láàárín. A ó wá fi téèpù wọn bí ojú ẹ̀rọ ṣe ga sí lórí àpáta, ká tó fi wo orí òkè kejì.

Wíwò láti ibì kan ò tó. Ayé rí roboto, afẹ́fẹ́ sì máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ tẹ̀. Bí òkè kejì bá jìnnà ní kìlómítà kan, ìwọ̀n á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 yẹ̀. Ní kìlómítà méjì, ó di 27. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ gun èkejì náà, ká wo àkọ́kọ́ padà, kí àṣìṣe ìhà méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́. GPS orí fóònù ò lè yanjú irú àríyànjiyàn yìí, torí ó lè fi mítà mélòó kan ṣìnà.

Ọ̀gá fẹ́ràn láti máa sọ ti òkè Kebnekaise ní Sweden fún wa. Ṣóńṣó méjì ló ní. Ti gúúsù ni wọ́n ń pè ní ibi tó ga jù ní orílẹ̀-èdè náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n yìnyín ló dé e lórí, yìnyín ọ̀hún sì ń yọ́ bí ayé ṣe ń gbóná. Òkúta ni ti àríwá, mítà 2,096.8. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stockholm wọn ti gúúsù ní oṣù Kẹsàn-án 2019, mítà 2,095.6 ni wọ́n bá. Bí adé ṣe bọ́ lórí rẹ̀ nìyẹn. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Tiwa ńkọ́? Èyí tó jìnnà sọ́jà ló ga jù, ìyàtọ̀ wọn ò sì tó ìdúró èèyàn kan. Bí òkè méjì bá ń dá iyàn sílẹ̀ nílùú yín, ẹ pe awọnlẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó gun méjèèjì.