Ẹ̀rù Ọmọdé Ju Ẹyọ Kan Lọ

Èmi ni ladánì mọ́sálásí àdúgbò wa.

Nígbà tí ọmọkùnrin mi wà ní ọdún 4, bí mo bá dìde láti lọ pe ìrun àsùbáà, yóò máa ké pé òkùnkùn ń ba òun lẹ́rù. A ń tan fìtílà kékeré sílẹ̀ fún un. Kí ó tó pé ọdún 7, ẹ̀rù náà ti lọ fúnra rẹ̀. Irú èyí wọ́pọ̀ lára ọmọdé.

Ti àbúrò rẹ̀ obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ajá ni ó ń bẹ̀rù. Nítorí ajá kan tó wà lójú ọ̀nà, kò dé ilé-kéwú mọ́. Mo ní oríkunkun ni, mo sì nà án. Kí Ọlọ́hun foríjì mí! Nọ́ọ̀sì kan ni ó là mí lóye pé bí ẹ̀rù bá pẹ́ tó oṣù 6, tí ó sì ń dí ọmọ lọ́wọ́ ohun tó yẹ kó ṣe, àìsàn ni. A fi àwòrán ajá bẹ̀rẹ̀, ó di ajá tí a so mọ́lẹ̀ lókèèrè, a sì ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nísinsìnyí, òun nìkan ní ń dá lọ sí kéwú.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù.