Owó Ẹni Méjì Ló San, Wọ́n Tún Ní Kó Sún!

Ìyá aládìrẹ kan wà ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Èkó ti sú u. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe ní ẹni mẹ́ta-mẹ́ta lórí ìjókòó, "mẹ́rin-mẹ́rin ni o!" làwọn agbèrò Kútọ̀ ń pè é. Orúnkún ìyá kì í sì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Kó tó dé Òṣòdì, ẹsẹ̀ á ti kú, ìgúnpá ọlọ́mọ á ti gún un níhàá.

Ló bá dá ọgbọ́n lọ́jọ́ kan, ó sanwó ẹni méjì. Ó na ẹsẹ̀, ó gbé àpò àdìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Agbèrò ní, "Màmá, ẹ gbádùn o!" Wọ́n sì gbádùn lóòótọ́, àfi bí wọ́n ṣe dé Ìtòrí tí dírẹ́bà dúró gbé ọkùnrin kan tó ru gààrí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

Ìyá ní òun ò sún, òun ti sanwó. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ bínú? Àwọn èrò ọkọ̀ ni! "Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre! Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń lọ Èkó ni?" Obìnrin tó ń pariwo jù, ìdajì ìdí ẹ̀ ló wà lórí ìjókòó o. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe dírẹ́bà nìkan ló ń fún wa mọ́ra.

Bàbá télọ̀ kan tó wà lẹ́yìn ló gbèjà ìyá. Ó ní ṣé wọn ò gbọ́ nípa Le Joola ni? Ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ó gbéra láti Ziguinchor, ó ń lọ Dakar. Bí ẹni 580 ló yẹ kó gbé, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ tó 1,900: ọmọ ilé-ìwé tó ń padà síléèwé, àtàwọn obìnrin ọlọ́jà bíi ti Ìtòkú. Nígbà tó di alẹ́, ìjì dé, ọkọ̀ dojú dé lójú òkun Gambia. Ẹni 64 péré ló yè, 1,863 ló bómi lọ. Titanic tí gbogbo ayé ń sọ, tó rì lọ́dún 1912, bí ẹni 1,500 ló pa.

Ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Dírẹ́bà ní epo ti wọ́n, owó gáréèjì ò sì dín, kí bàbá má fòun wé ọkọ̀ òkú. Ọkùnrin onígààrí ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà, òòrùn ń pa á. Àánú ẹ̀ ṣe ìyá, ó sì sún.

Ṣùgbọ́n ní Òṣòdì, ìyá ò sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí dírẹ́bà dá owó ìjókòó kejì padà. Dírẹ́bà yọ̀ ọ́ kà lóòótọ́, ó wá mú díẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, ó ní ti Kútọ̀ sí Ìtòrí nìyẹn, ṣebí màmá ti na ẹsẹ̀ débẹ̀.