Afárá Tẹ́ẹ́rẹ́ Nínú Igbó Vancouver: Àwọn tí ó Kàn Án àti Àwọn tí ó Ń Gùn Ún

Bí a bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ológeere létí ọ̀pọ̀ Yorùbá, ohun tí yóò sọ sí wọn lọ́kàn ni kẹ̀kẹ́ tí olùkọ́ abúlé fi ń lọ sí ilé-ìwé láyé àtijọ́, tàbí èyí tí àgbẹ̀ fi ń ru iṣu lọ sí ọjà. Ọ̀nà ni kẹ̀kẹ́ ń wá. Ibi tí ọ̀nà bá ti dára ni ó ti ń dùn ún gùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà ní apá àríwá ìlú Vancouver, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá ibi tí kò ṣeé gùn lọ, wọ́n sì fi igi, òkúta àti erùpẹ̀ sọ ọ́ di ibi tí ó ṣòro láti gùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí kò ṣeé ṣe àti ohun tí ó ṣòro láti ṣe ni gbogbo iṣẹ́ wọn dá lé, ìyàtọ̀ náà kò sì ju fífẹ̀ pákó kan lọ nígbà mìíràn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni gígun kẹ̀kẹ́ lórí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1976 ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní ìpínlẹ̀ California, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ figa gbága lórí ọ̀nà kan tí ó dà gẹ̀rẹ́ láti orí òkè, èyí tí wọ́n ń pè ní Repack. Kẹ̀kẹ́ àlòkù ni wọ́n ń lò, irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ dá dúró. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, gíríìsì inú bíréèkì á ti jóná di èéfín, àfi kí wọ́n tú u kí wọ́n sì ki òmíràn sí i. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ní ọdún 1977, Joe Breeze, ọ̀kan nínú wọn, jó irin tuntun pọ̀ di kẹ̀kẹ́ tí a dìídì ṣe fún irú eré bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n bá nílẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń gùn. Ní ti àwọn ará Vancouver, wọ́n fi òòlù kan ọ̀nà tiwọn ni.

Òkè mẹ́ta ni ó wà ní òdì-kejì omi tí ó ya àgbègbè náà kúrò lára ìlú: Cypress, Fromme àti Seymour. North Shore ni gbogbo ènìyàn ń pe ibẹ̀. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò tí ń rọ̀ tí ń dá. A máa sẹ̀ wìnnìwìnnì láti ìgbà tí ewé bá ti ń wọ́ títí di ìgbà tí òmíràn yóò fi rú, ilẹ̀ inú igbó kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀. Igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní red cedar pọ̀ níbẹ̀. Bí ìrókò ti jẹ́ sí gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ni igi yìí jẹ́ sí àwọn ẹ̀yà Squamish àti Tsleil-Waututh, tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé: inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, òun ni wọ́n fi ń kọ́lé, èèpo rẹ̀ ni wọ́n sì ń hun. Kì í tètè jẹrà bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ lé e lórí. Nígbà tí àwọn agégẹdú kọjá nínú igbó náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n fi àwọn kùkùté ràbàtà àti ọ̀pọ̀ ìtì igi tí wọn kò kó sílẹ̀. Ohun tí àwọn agégẹdú kà sí pàǹtírí ni àwọn akànfárá wá sọ di ohun èlò ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà.

Orúkọ méjì ni kò ṣeé yọ sílẹ̀ nínú ìtàn yìí. Èkíní ni Todd Fiander, tí wọ́n ń pè ní Digger, ìyẹn Awalẹ̀. Èkejì ni Dan Cowan, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Dangerous Dan, ìyẹn Dan Eléwu. Iṣẹ́ wọn gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ẹrẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bí afárá. Ibi tí táyà bá ti ń rì, wọ́n á tẹ́ ìtì igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n á sì fi ìṣó kan pákó kéékèèké lé e níbùú, kí ó dà bí àkàbà tí a tẹ́ sórí ẹrẹ̀. Wọn kì í rẹ́ pákó náà, wọ́n ń là á ni. Wọ́n á gé ìtì igi kúkúrú, wọ́n á gbé irin pẹlẹbẹ olójú mímú lé e lórí, wọ́n á fi kùmọ̀ lù ú, igi náà á sì là gbàrà tẹ̀lé bí ó ti hù. Ẹni tí ó bá ti la igi ìdáná rí yóò mọ̀ pé ojú igi tí a là kì í dán bí ojú pákó tí a fi ayùn rẹ́. Háráhárá ni, táyà sì rí nǹkan dì mú níbẹ̀.

Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé afárá kò pọn dandan kí ó wà nílẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò lórí ẹrẹ̀, wọ́n gbé e gba orí kùkùté àti ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó sì ń tín-ín-rín sí i bí ó ti ń ga sí i. Ọ̀nà tí Dan Cowan ṣe sí orí òkè Fromme, tí ó sọ ní Flying Circus, ni àwọn agùnkẹ̀kẹ́ máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àṣejù ìgbà náà: pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè réré, èyí tí ẹni tí kò bá gbọ́n lè fi wá ikú ara rẹ̀. Wọ́n tún ń gbé pákó gígùn lé agbede-méjì bí jangirọ́fà àwọn ọmọdé. Agùnkẹ̀kẹ́ á gun apá kan, pákó á sì tẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó rí ọ̀nà lọ. Fiander gbé kámẹ́rà dání, ó sì ṣe ọ̀wọ́ fídíò tí ó pè ní North Shore Extreme. Ibẹ̀ ni àwọn ará òkèèrè ti rí ohun tí wọ́n ń ṣe nínú igbó.

Ẹni tí kò gun irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé ìgboyà nìkan ni ó gbà. Ọgbọ́n ni ó gbà jù. Bí kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ ṣubú sí ọ̀tún, ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ a rọra yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ọ̀tún kan náà, táyà a sì bọ́ sí abẹ́ ara tí ó fẹ́ ṣubú, a gbé e dìde. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn ṣe ń ṣe láìfura. Ìdí nìyí tí ipa táyà kì í fi í tọ́ gbọnrangandan bí ẹ bá wò ó nínú iyẹ̀pẹ̀. Lórí pákó tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò sí ibi tí a ó yí táyà sí. Ohun tí ó ń gbé kẹ̀kẹ́ ró gan-an ni a ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbàdí, orúnkún àti ojú ni ó kù. Ojú ni ó sì le jù láti kọ́, nítorí ibi tí ojú bá wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ kòtò yóò bá ara rẹ̀ nínú kòtò. Ẹni tí ó bá ń wo táyà iwájú kò ní pẹ́ ṣubú. Òpin pákó ni à á wò. Ẹsẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ìka kan a sì máa fún bíréèkì ẹ̀yìn jẹ́jẹ́, kí kẹ̀kẹ́ má baà ta gìrì.

Fífò sílẹ̀ láti orí àpáta tún yàtọ̀. Ẹni tí ó fò láti orí ògiri bọ́ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yóò fi eegun gba gbogbo agbára ìṣubú náà. Ẹni tí ó bọ́ sí ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́ yóò máa yọ̀ lọ ni, agbára náà yóò sì di eré. Nítorí náà, ibi tí a ó balẹ̀ sí ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ́kọ́ ń tún ṣe, kí ó tó kan ibi tí a ó ti fò. Èyí tí òkè rẹ̀ fani mọ́ra tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì dára, pàkúté ni.

Ìhín yìí ni iṣẹ́ náà ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹni tí ó kan afárá kì í sábà sí nítòsí nígbà tí ẹni tí yóò já bọ́ bá dé. Ìṣó kan tí a gbàgbé, tàbí pákó kan tí inú rẹ̀ ti jẹrà, ó tó láti ṣẹ́ ọrùn ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn tí wọ́n pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà wá ní àṣà kan tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa: ibi tí ó ṣòro jù ni wọ́n ń fi sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí kò tíì ga. Ẹni tí kò bá lè la pákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà já yóò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, yóò sì yà sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti là sílẹ̀ dè é. Kò ní dé òkè réré kí ó tó mọ̀ pé agbára òun kò ká a. Olùkọ́ tí ó bá ń ka èyí lè rántí ìdánwò àbáwọlé tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi dé ọdún kẹta kí ó tó yé e pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tòun. Ìkà tí ó wà nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ju ti èyí tí ó le lọ. Bákan náà, wọ́n a máa ṣán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì afárá, wọ́n a sì kó òkúta ṣóńṣó àti èèkù igi kúrò, nítorí ìṣubú wà nínú ètò iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó fún àwọn akànfárá ìbẹ̀rẹ̀ láṣẹ. Lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n ti ń kàn án, nínú ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ rí ohun tí ó ń ga sókè nínú igbó, ẹ̀rù ẹjọ́ bà wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn afárá náà ni wọ́n sì tú palẹ̀. Ní ọdún 1997, àwọn agùnkẹ̀kẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, North Shore Mountain Bike Association, kí wọ́n lè ní ẹnu kan ṣoṣo láti fi bá ìjọba sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, ọlọ́pàá mú obìnrin kan lẹ́yìn tí kámẹ́rà tí àwọn agùnkẹ̀kẹ́ fi pamọ́ ti yà á níbi tí ó ti ń wọ́ igi dí ojú ọ̀nà lórí òkè Fromme. Ẹni tí ó bá ń sáré bọ̀ nínú òkùnkùn igbó kò ní rí irú igi bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé orí rẹ̀. Ohunkóhun tí ó wù kí ó jẹ́ ẹ̀hónú ẹni, èyí ju ẹ̀hónú lọ.

Àríyànjiyàn tí ó gbóná jù ni èyí tí ó wà láàárín àwọn agùnkẹ̀kẹ́ fúnra wọn. Àwọn kan ń ráhùn pé wọ́n ti ba North Shore jẹ́, pé ọ̀nà dídán bí Bobsled, tí ọmọdé lè gùn, ti gba ipò pákó tẹ́ẹ́rẹ́. Ìráhùn wọn kì í ṣe òfo, nítorí ẹni tí kò bá bá ohun líle pàdé kò lè mọ̀ ọ́n gùn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé ènìyàn díẹ̀ ni ó lè gun púpọ̀ nínú àwọn afárá gíga wọ̀nyẹn, àwọn yòókù ń dúró wòran ni. Ó dára kí líle wà. Ó dára jù kí ó wà ní ibi tí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ lè dé.

Ohun tí ó yí iṣẹ́ náà padà jù lọ ni ilẹ̀ àti òjò. Igi cedar pàápàá ní ìgbà tirẹ̀, ìṣó a sì máa dípẹtà. Wáyà tí wọ́n ń kàn mọ́ pákó kí ó má yọ̀ a máa já, a sì di ẹ̀gún. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n padà sí òkúta àti erùpẹ̀. Ilẹ̀dú tí ó wà lókè kò wúlò fún ọ̀nà, nítorí a máa mu omi, a sì di ẹrẹ̀. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn mọlémọlé wa ì bá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ẹgbẹ́ ilẹ̀pa, ni wọ́n ń wá. Wọ́n á gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á kó erùpẹ̀ líle náà jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á gún un mọ́lẹ̀ kí omi lè máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀, wọ́n á sì da ewé bo kòtò náà.

Àwọn afárá díẹ̀ ṣì wà. Lẹ́yìn ìgbà òjò, ẹni tí ọ̀nà náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ a gbé òòlù, a sì máa kan pákó kọ̀ọ̀kan wò láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Èyí tí ó bá dún gbọin, a fi í sílẹ̀. Èyí tí ó bá dún bọ̀ọ̀, a yọ ìṣó rẹ̀, a jù ú sínú igbó, a sì lọ la òmíràn.