Ààfin Àtijọ́ ti Ìlú Àkúrẹ́

Ẹni tí ó bá dúró ní ọjà Erékèsàn ní Àkúrẹ́, tí ó sì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ń ná ọjà, yóò rí ààfin Déjì níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá: ọjà ọba kì í jìnnà sí ẹnu-ọ̀nà ọba, kí ọba lè gbọ́ ohun tí ará ìlú ń sọ, kí ará ìlú pẹ̀lú sì mọ̀ pé ojú ọba ń wò wọ́n.

Àwọn àgbà a máa sọ pé Ọmọrẹ̀mí Ọmọlúàbí, ẹni tí a tún ń pè ní Aṣọdẹbóyèdé, ni ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tẹ ìlú náà dó. Wọ́n ní okùn àkún ọrùn rẹ̀ ni ó já níbẹ̀, tí a fi ń wí pé "àkún rẹ́", tí ó sì di Àkúrẹ́. Ọdún 1150 ni a sábà máa ń dá fún kíkọ́ ààfin náà. Ìṣirò àtẹnudẹ́nu ni èyí, nítorí kò sí akọ̀wé nígbà náà; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wo ilé náà tí yóò pè é ní ilé àná.

Amọ̀ ni a fi mọ ògiri rẹ̀. Àwọn ará Àkúrẹ́ ń pe àgbàlá ní ùà, ùà inú ààfin náà sì ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá kọ̀ọ̀kan ká, òrùlé sì dà sí inú, tí omi òjò fi ń bọ́ sí àárín gbùngbùn kí ó tó wá ọ̀nà jáde. Iṣẹ́ kò papọ̀ ní àwọn ùà wọ̀nyí. Ùà Ùbúra wà fún ìbúra nìkan. Ùà Ìkómọ ni a ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Ìlú tí ó bá ya ibi ìbúra sọ́tọ̀ báyìí kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeré.

Ojú ògiri náà ti rí púpọ̀. Ọmọ ogun Ìbìní wọ Àkúrẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1818. Ní ọdún 1897, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìbìní fúnra rẹ̀, ni Afúnbíowó Adésìdà Kìíní gun orí oyè. Ọgọ́ta ọdún ni ó lò, títí di 1957. Ní ìgbà tirẹ̀, ní 1915, ni Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ẹkùn Oǹdó. Ìlú Oǹdó ní tirẹ̀ rí ìpọ́njú mìíràn: ìjà lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Òkè Ọ̀pá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ààfin Ọ̀ṣemàwé sì dahoro pẹ̀lú ìlú, títí wọ́n fi padà sílé ní 1872.

Irú ilé báyìí wà ní òkè òkun. Ní Łańcut, ní ilẹ̀ Pólándì, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Stanisław Lubomirski kọ́ ilé olódi láàárín 1629 sí 1642, ó sì fi yàrà yí i ká. Àwọn tí ó jogún rẹ̀ sọ ọ́ di ààfin afẹ́. Ní 1944, ẹni tí ó ni ín gbẹ̀yìn sá fún ogun, ilé náà sì di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n òkúta àti bíríkì a máa dúró de olùtọ́jú. Amọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ti rí ihò kékeré kan nínú òrùlé, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wó láti òkè wá nìyẹn.

Láyé àtijọ́, ará ìlú ni ń jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti rẹ́ ògiri ọba, kí òjò tó dé. Ní 1990 ìjọba àpapọ̀ ka ààfin àtijọ́ náà mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, òfin kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó o láìgba àṣẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè po amọ̀. A ti kọ́ ààfin titun tí ó tóbi sí apá gúúsù ilẹ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ó lè bá ọba wí nítorí èyí. Àwọn kan a tún máa rò pé kí a kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri àtijọ́ náà. Sìmẹ́ńtì a máa sé ọ̀rinrin mọ́ inú amọ̀, nígbà tí ó bá sì yá, a ṣí kúrò pẹ̀lú èèpo ògiri.